Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú Àfikún

Kùrukùru bolẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé ohùn ni a fi ń mọ ẹni tó ń bọ̀ kí ojú tó rí i. Mishkat dúró lábẹ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ tíì mi, ọ̀pá funfun rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, fọ́ọ̀mù kan tí kò tí ì kún lọ́wọ́ òsì. Ọmọbìnrin kan yọ láti ọ̀nà odò Padma, ó fi bàtà rẹ̀ méjèèjì sọ́wọ́, ẹrẹ̀ kún ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, ìrì sì ti rin ìborùn pupa tó dà sórí. Ó ra tíì alátalẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó mu ún tán, ó wá ń fi eyín run atalẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ ife.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń jẹ atalẹ̀ bí ewúrẹ́ níbí yìí?" ni Mishkat bi.

Ọmọbìnrin náà yíjú padà, ó ti múra ìjà. Ó rí ọ̀pá funfun náà, ó rí ojú tó ń wo ibi tí kò sí èèyàn, ó bá gbé ìjà rẹ̀ mì pẹ̀lú atalẹ̀.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Jhinuk lorúkọ mi. Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni mò ń kọ́, ọdún kìíní. Ewúrẹ́ náà ti ń lọ sí yunifásítì báyìí."

Mishkat bú sẹ́rìn-ín. Mo ti ń ta tíì níbẹ̀ ọjọ́ pẹ́, n kò rí i kí ọmọ náà rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ fọ́ọ̀mù rí.

Ọjọ́ fọ́ọ̀mù ni ọjọ́ tí wọ́n ń pa ìwé orúkọ àwọn abánikọ̀wé dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá ríran yóò wá ẹni tí yóò máa ka ìbéèrè sí i létí, tí yóò sì máa kọ ohun tó bá pè. Kíláàsì ẹni náà gbọ́dọ̀ kéré sí tirẹ̀, ẹ̀kọ́ wọn gbọ́dọ̀ yàtọ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí tàbí aya tàbí àna, kí wọ́n má baà ní wọ́n ń gbè é. Orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé lọ́sẹ̀ méjì kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ṣèlérí fún Mishkat ti pa fóònù rẹ̀ láti àná. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí Mishkat rí, ó sì gbé odindi ọdún kan lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òfin kò fàyè gba ẹ̀ẹ̀kejì. Bó bá tún pàdánù ìwé kan ṣoṣo láìkọ, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò pátápátá.

"Kí ni iṣẹ́ náà gbà?" ni Jhinuk bi.

"Etí méjì, ọwọ́ kan. Kí o má sì fi ọgbọ́n tìẹ lé ọgbọ́n mi."

"Ibẹ̀ yẹn ló máa le. Tèmi pọ̀ jù."

Ó gba fọ́ọ̀mù, ó gbé e lé tábìlì tíì mi, ó kún un. Ìlà tó kẹ́yìn níbẹ̀ bèèrè pé: Kí ni abánikọ̀wé jẹ́ sí aṣèdánwò? Ó kọ ọ́ wàrà pé: Kò jẹ́ nǹkan kan. Ó ka ìyẹn sókè, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Ilé aláró ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò ẹ̀ka ìtàn. Àwọn òyìnbó tó fi tipátipá mú àwọn bàbá ńlá wa gbin èlú sórí ilẹ̀ ìrẹsì ló kọ́ ọ, àwọ̀ aró kò sì tí ì kúrò lára ògiri ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí dòní. Yàrá kékeré tó wà nípẹ̀kun ni ti àwọn tó ní abánikọ̀wé, nítorí pé wọ́n ń sọ̀rọ̀. Bàbá Haripada, akọ̀wé àgbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló máa ń ṣọ́ wọn.

Jhinuk ní ìwà kan. Bó bá parí gbólóhùn, á tún ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn pè jẹ́jẹ́ lábẹ́ eyín kó tó fi àmì sí i. Láàárín wákàtí kan, Mishkat ti ń dúró de ìró kékeré yẹn, ó sì ń dùn mọ́ ọn.

Ní aago kan, agogo lù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù jáde, ariwo ẹsẹ̀ wọn jìnnà, ilé sì dá páropáro. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àfikún tí òfin ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran bẹ̀rẹ̀ fún Mishkat. Ó ń ronú, Jhinuk sì gbé bírò rẹ̀ kúrò lórí ìwé láti dúró dè é. Bẹ́ẹ̀ ni ìró ìkọ̀wé kò dáwọ́ dúró.

Jhinuk wo bírò ọwọ́ rẹ̀. Ìró náà ń lọ, ó ń yára, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan bọ́. Òórùn omi odò gba yàrá kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ ń họ tábìlì?"

"Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí itan mi."

"Kí wá nìyẹn?"

"O ti gbọ́ ọ nìyẹn. Láti ọdún kìíní mi ni mo ti ń gbọ́ ọ. Àkókò àfikún nìkan ló máa ń wá. Má bẹ̀rù, kì í sọ̀rọ̀, ó kàn ń kọ ni."

"Ta ni?"

"Ìwọ lo lójú. Wò ó fún mi."

Jhinuk wò ó. Àga kan wà ní òdìkejì tábìlì, kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ibi ìjókòó rẹ̀ tutù rinrin, omi ń kán sílẹ̀ láti etí rẹ̀, ẹyọ kan, ẹyọ kan. Ẹnu ọ̀nà ni Bàbá Haripada jókòó sí, ó kẹ̀yìn sí yàrá, ọrùn rẹ̀ le gbagidi.

Ife tíì mẹ́ta ni Jhinuk mu ní ìsọ̀ mi lọ́jọ́ náà, kò sì run atalẹ̀ ìkankan nínú wọn. Mo rò pé a kò ní rí i mọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ ìwé kejì, òun ló kọ́kọ́ dé.

"O padà wá," ni Mishkat wí, ayọ̀ hàn lójú rẹ̀ bí ọmọdé.

"Mo ti fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ lé mi, kó yáa wá fọwọ́ sí tiẹ̀."

Ìfẹ́ mú wọn díẹ̀díẹ̀, n kì í ṣe afọ́jú, mo rí i. Ní gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e, lábẹ́ igi mi ni Jhinuk ti ń ka ìwé ìtàn sí Mishkat létí, tí wọ́n á sì pín ìrẹsì yíyan aláta jẹ látinú ìwé ìròyìn kan náà. Nígbà tó yá, ó dẹ́kun pípè é ní ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ pé "o" fún un, Mishkat da tíì sára.

"Ṣé ó gbóná ni?" ni Jhinuk bi.

"Ó gbóná. Tún un sọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òdòdó igi náà ń já lé wọn lórí, Mishkat sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní ìlú rẹ̀ ti fi ààyè olùkọ́ pamọ́ dè é, bó bá ti gboyè. "Jhinuk, mo fẹ́ràn rẹ. Mo fẹ́ fi ọ́ ṣaya."

"Ìgbà wo?"

"Lọ́jọ́ kejì ìwé tó kẹ́yìn. Bí mo bá fẹ́ ọ ṣáájú, ta ni yóò bá mi kọ ọ́? Aya kì í bá ọkọ kọ̀wé."

"Áà! Abánikọ̀wé lo ń wá, ìborùn lásán ló kàn wà lórí rẹ̀."

"Ìborùn náà ńkọ́? Wọ́n ní ó pupa. Mo fẹ́ òun náà."

Jhinuk fi ìborùn náà gbá a lórí, ó wá sunkún, ó sì gbà.

Láti ìgbà náà ni fọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń kún ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìwé kọ̀ọ̀kan, ti di ìṣòro. Ní ìdánwò ọdún tó kẹ́yìn, bó bá dé ìlà ìsàlẹ̀ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ á wúwo. Kò jẹ́ nǹkan kan. Ó kọ ọ́ fún ìwé kìíní, ó kọ ọ́ fún ìkejì, ó kọ ọ́ títí ó fi ku ẹyọ kan, tí wọn yóò kọ lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́bọ̀, ó kọjá odò lọ sílé láti lọ sọ fún bàbá rẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Lokman Mondol, jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ní erékùṣù iyanrìn tó wà láàárín odò. Kí Jhinuk tó lanu, fọ́ọ̀mù ti jábọ́ nínú báàgì rẹ̀. Bàbá mú un, ó kà á, ojú rẹ̀ sì funfun bí eérú.

"O ń kọ̀wé fún afọ́jú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ni o jẹ́ sí i?"

Ìbéèrè fọ́ọ̀mù gan-an ni. Jhinuk kò lè purọ́ rẹ̀ lójú bàbá rẹ̀.

"Èmi ni ẹni tí yóò fẹ́. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe wálé."

"Ó dáa. Òfin tìrẹ náà ló sọ ọ́, ẹbí kì í kọ̀wé. O kò ní kọ ọ́."

"Bàbá, ìwé tó kẹ́yìn ni! Bí n kò bá lọ, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Ẹ ṣàánú mi."

"Kò sí ọmọ ilé yìí tí yóò kọjá omi nítorí afọ́jú mọ́!"

"Mọ́ kẹ̀? Ta ló kọ́kọ́ kọjá?"

Bàbá wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ìyá rẹ̀ ló fà á sẹ́yìn ilé ìdáná, tó sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nínú ilé náà. Lokman ní àbúrò kan, Jobeda. Òun náà ń bá afọ́jú kan kọ̀wé nílé aláró, ìfẹ́ sì wọ̀ ọ́. Láàárọ̀ ìwé tó kẹ́yìn, Lokman ní kí ọkọ̀ elérò máa lọ, pé àbúrò òun kò lọ mọ́. Jobeda wọ ọkọ̀ apẹja kan tó ń jò nínú kùrukùru. Wọ́n rí ọkọ̀ náà, wọn kò rí Jobeda. Afọ́jú náà jókòó dè é títí àkókò àfikún fi tán, ó kó ẹrù rẹ̀, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé.

Síbẹ̀, Lokman tún lọ bá ọlọ́kọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó ní kò gbọdọ̀ gbé Jhinuk. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù náà sì mú un ṣe ohun tó bí ẹ̀rù náà. Inú bí mi sí i nígbà tí mo gbọ́, ó ṣì ń bí mi díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú mọ́, kùrukùru sì funfun bí wàrà. Ọkọ̀ elérò lọ láìgbé Jhinuk. Ó sá gba ẹ̀yìn oko mọ́sítáàdì dé etí odò, níbi tí ọkọ̀ apẹja kan so sí. Ó tú okùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ẹni kan sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ọwọ́ náà tutù débi pé ó dùn ún dé eegun. Obìnrin kan dúró nínú kùrukùru, omi ń ṣàn lára rẹ̀, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojú, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò. Ọkọ̀ yìí ń jò, mo mọ̀ ọ́n."

"Anti, ẹ jẹ́ n lọ. Wọ́n ń retí mi."

"Èmi náà, wọ́n ń retí mi. Jókòó."

Jhinuk kò mọ ìgbà tó jókòó sórí iyanrìn. Nígbà tó gbójú sókè, kò sí ẹni kankan. Kò gbọ́ ìró àjẹ̀, kò gbọ́ kí omi dún. Ọkọ̀ apẹja náà rọra kún, ó sì rì lójú rẹ̀, létí ilẹ̀ níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó rí ọkọ̀ tó rì. Ó rí ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀, tí àmì ìka márùn-ún hàn lórí rẹ̀ ní àwọ̀ aró. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Jobeda," ni ó wí. "Jobeda, dákun."

Nílé aláró, Mishkat jókòó láti aago mẹ́sàn-án. Àga abánikọ̀wé ṣófo. Ó gbọ́ kí aago mẹ́wàá lù, ó gbọ́ mọ́kànlá, ó gbọ́ méjìlá. Lọ́kàn rẹ̀, ìdánwò kọ́ ló ń dùn ún mọ́. Ó mọ Jhinuk, ó mọ̀ pé bó bá wà láàyè, yóò ti dé. Ní aago kan, agogo lù, àwọn yòókù jáde, ilé sì dá páropáro.

"Òfin ní kí n gba ìwé lọ́wọ́ ẹ báyìí," ni Bàbá Haripada wí láti ẹnu ọ̀nà. "Òfin sì ní o ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àfikún. Jókòó, ọmọ mi."

Wọ́n fa àga. Òórùn omi odò gba yàrá. Nǹkan tútù kan fara kan ìka Mishkat, ó sì gba ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo pẹ́," ni ohùn kan wí. "Má bínú. Mo pẹ́."

Mishkat tẹ́tí. Ohùn ọmọbìnrin ni, àmọ́ kò gbọ́ èémí lẹ́yìn rẹ̀. Irun ara rẹ̀ dìde.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ̀wé nígbà àfikún?"

"Mo ń dán ọwọ́ wò ni."

"Jhinuk ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Jhinuk ńkọ́?"

"Ó wà létí odò. Ara rẹ̀ gbẹ."

Mishkat fi orí lé tábìlì, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

"Sọ̀rọ̀," ni ohùn náà wí. "Àkókò ń lọ."

Ó sọ̀rọ̀. Ìbéèrè mẹ́rin tó yẹ kó gba wákàtí mẹ́rin, ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bírò náà sì ń bá a lọ láìbéèrè pé kó tún nǹkan kan sọ. Nígbà tí agogo àfikún lù, gbólóhùn tó kẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Mishkat na ọwọ́ síwájú láti dúpẹ́. Ó kan igi àga, ó tutù, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Mo rí Bàbá Haripada nígbà tó jáde, ó di ìwé náà mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Tádàwà náà kò tí ì gbẹ, etí ìwé sì rin. Fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ti kún wà láàárín rẹ̀, orúkọ abánikọ̀wé tó wà lórí rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé orúkọ ọdún náà. Ó wọ yàrá ìkópamọ́, ó gbọn eruku nù, ó sì ṣí ìwé orúkọ àtijọ́ kan. Jobeda Mondol, abánikọ̀wé. Kò sẹ́ni tó fagi lé e rí.

"Lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú, ni òfin wí," ni bàbá náà sọ fún mi. "Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ṣé kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ?" Ó lu òǹtẹ̀ lé e gbì.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí Lokman dé pẹ̀lú Jhinuk, ẹrẹ̀ ṣì wà ní orúnkún bàbá. Jhinuk kò wo ẹnikẹ́ni. Ó sáré lọ di Mishkat mú lójú gbogbo wa, Mishkat sì ń fọwọ́ kan irun rẹ̀, ìborùn rẹ̀, èjìká rẹ̀.

"Ara rẹ gbẹ lóòótọ́," ni ó ń sọ. "Ara rẹ gbẹ."

Haripada na fọ́ọ̀mù sí Lokman. Lokman ló kọ́ àbúrò rẹ̀ ní ìwé kíkọ nígbà èwe, kò sì lè ṣàìmọ ọwọ́ náà. Ó kà á dé ìlà ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti bèèrè ohun tí abánikọ̀wé jẹ́ sí aṣèdánwò. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: N kò tí ì jẹ́ nǹkan kan sí i.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Sà," ni Mishkat wí, "ó bẹ̀ mí. Ó ní kí n má bínú, pé òun pẹ́."

"Èmi ni mo mú un pẹ́," ni Lokman wí. Ó di ọwọ́ Mishkat mú, ó sì fi í sínú ọwọ́ ọmọ rẹ̀. "Èmi ni. Mo ti mú yín pẹ́ tó."

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n so yìgì, ní àgbàlá Lokman, ìrẹsì olóòórùn dídùn àti mílíìkì sì kárí gbogbo wa. Nígbà tí àlùfáà ní kí Jhinuk sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé òun gbà, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ní ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tí kò lè wá. Àmì ìka márùn-ún yẹn ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ nígbà náà. Kí oṣù tó tán, ó ti ṣá.

Mishkat ti ń kọ́ àwọn ọmọ nísinsìnyí, Jhinuk sì ń kàwé sí i létí nírọ̀lẹ́, ó ń tún ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn pè lábẹ́ eyín. Nílé aláró, ìdákẹ́jẹ́ lásán ló kù nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àfikún. Àga yẹn gbẹ.

Ní gbogbo àárọ̀ ìdánwò, kí oòrùn tó yọ, ẹ ó bá Lokman létí omi pẹ̀lú àtùpà. Á máa bi gbogbo ọmọ tó bá ń bọ̀ nínú kùrukùru pé, "Ṣé abánikọ̀wé ni ọ́?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá náà á di ọkọ̀ mú ṣinṣin kó lè wọ̀ ọ́.